Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Ohun tí Ń Dúró de Ẹni tí ó Fẹ́ Lọ Ṣe Ìdí

Láti ìgbà tí ọdún Iléyá ti kọjá ni lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wọlé láti Ìjẹ̀bú-Òde, Ìpẹru, Ṣàgámù, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n sì ti pọ̀ ju ohun tí mo lè máa fèsì sí lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí fún ọdún 32 kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdí kì í ṣe ohun tí ó rọrùn fún obìnrin láti bi ẹlòmíràn lójúkojú. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, mo yọ orúkọ kúrò lára wọn, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa dá àwọn ará ilé mi lóhùn.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí, mo sì ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń dá àjọ kí n lè lọ ṣe BBL, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá láti ibòmíràn lára wá sí ìdí, ní Èkó, owó náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ti yan aṣọ tí a máa wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba tí ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí ìdí mi ti yọ dáadáa kí ọjọ́ náà tó pé. Bí mo bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní oṣù kan ṣáájú Iléyá, ǹjẹ́ ara mi yóò ti bọ̀ sípò? Kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ènìyàn gan-an? Ṣé lóòótọ́ ni pé ó ń pani? (Oníṣòwò aṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọmọ mi, oṣù kan kò tó rárá, mo sì fi ìyẹn ṣáájú kí o má baà lọ san owó sílẹ̀ kí o tó ka ìyókù. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Bí o bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní oṣù kan péré kí ó tó dé, ara rẹ yóò ṣì wú, aṣọ tí ó fún mọ́ra pinpin ni yóò ṣì wà lábẹ́ ìró rẹ, kò sì ní rọrùn fún ọ láti jókòó lórí àga láti òwúrọ̀ títí tí gbogbo ẹgbẹ́ àti àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun yóò fi kọjá tán níwájú ọba. Kí a má tíì sọ ti ìró aṣọ òkè tí yóò wúwo lé ibàdí, tí yóò sì máa tẹ ibi tí wọ́n ti fa ọ̀rá jáde gan-an. Èyí tí o máa rí nínú dígí ní oṣù kìíní náà kọ́ ni èyí tí yóò kù fún ọ, nítorí pé wíwú ni apá kan rẹ̀, ọ̀rá tí kò ní yè sì ni apá mìíràn. Ó máa ń tó oṣù mẹ́fà kí ènìyàn tó lè sọ pé èyí ni ìdí tí òun ní. Bí ó bá jẹ́ Ojúde Ọba ni o ń lé, wọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ lọ pẹ̀lú ara tí o ní lọ́dún yìí, kí o sì máa ro ti ọdún tí ń bọ̀.

N kò ní bá ọ wí pé o fẹ́ ìdí ńlá. Àwọn ìyá wa so lágídígba mọ́ ìdí nítorí kí ìrìn wọn lè dùn-ún wò, àwọn mìíràn a sì ró aṣọ méjì mẹ́ta lé ara wọn kí èyí tí ó wà lókè lè kún. Ohun tí ó yàtọ̀ nísinsìnyí ni pé inú ara ni a ń wọ̀ lọ láti ṣe é, inú ara kì í sì í ṣe ibi tí a ń wọ̀ láìbéèrè ọ̀nà.

Iṣẹ́ méjì ni wọ́n máa ń ṣe pọ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí o bá ti sùn lọ pẹ̀lú oògùn akunnilóorun, dókítà yóò dá ojú kéékèèké sí ara rẹ níbi ikùn, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn tàbí itan, yóò tú omi iyọ̀ tí a pò mọ́ adrenaline àti lignocaine tí ń pa ìrora sínú ọ̀rá ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà púpọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọ̀pá irin oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ fa ọ̀rá náà jáde. Wọn yóò ya ẹ̀jẹ̀ àti omi kúrò lára ọ̀rá yìí, wọn yóò sì máa fi í sí ìdí rẹ díẹ̀díẹ̀, ní ojú ibi púpọ̀, nítorí pé ọ̀rá tí a bá kó jọ gègèrè sí ojú kan kì í rí ẹ̀jẹ̀ mu, kíkú ni ó ń kú. Ó lè gba wákàtí méjì, ó sì lè tó márùn-ún. Orúkọ Òyìnbó tí wọ́n ń pè é, Brazilian butt lift, máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé gbígbé ni wọ́n ń gbé ìdí sókè, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí wọ́n gbé. Gbígbìn ni wọ́n gbin ọ̀rá, bí ẹni hú ọ̀gbìn ata níbi tí ó ti hù tí ó lọ gbìn ín sí oko: àwọn kan yóò mú gbòǹgbò, àwọn kan yóò rọ. Èyí tí ó sábà máa ń yè ju ìdajì lọ, ara yóò sì gbé ìyókù mì láàárín oṣù mélòó kan. Nítorí náà ni àwọn dókítà kan ṣe máa ń fi kún un ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ó rí lọ, tí ẹni tí kò mọ̀ á fi máa sunkún ní oṣù kẹta pé ìdí òun ń lọ.

Ní ti ikú, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń pani, n kò sì ní bò ó mọ́ ọ lójú. Ní ọdún 2017 ni ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi bi àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ẹwà káàkiri ayé léèrè, ohun tí wọ́n sì rí ni pé nínú nǹkan bí 3,000 ènìyàn tí ó ṣe é, ẹnì kan ń kú. Kò wọ́pọ̀ kí iṣẹ́ abẹ ẹwà pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wádìí ohun tí ó fà á. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá kan wà lábẹ́ ẹran ìdí tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Bí ọ̀pá dókítà bá wọ inú ẹran náà lọ tí ó sì ya ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rá yóò bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, yóò sì dí ọ̀nà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí òkú àwọn tí ó kú wò, inú ẹran ni wọ́n ti bá ọ̀rá. Wọn kò rí ẹnì kan tí ó kú tí ó jẹ́ pé abẹ́ awọ nìkan ni ọ̀rá tirẹ̀ wà. Ní 2018 ni àwọn ẹgbẹ́ dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá pa ohùn pọ̀ kìlọ̀ pé àárín awọ àti ẹran nìkan ni kí a máa fi ọ̀rá sí. Lọ́dún náà, BAAPS, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ẹwà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn dá iṣẹ́ abẹ náà dúró pátápátá, ó sì di 2022 kí wọ́n tó gbà á padà, pẹ̀lú àdéhùn pé abẹ́ awọ nìkan ni, kí ẹ̀rọ skáànù sì máa fi ibi tí ọ̀pá dé hàn. Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà fi òfin de fífi ọ̀rá sínú ẹran ní 2019, nígbà tí ó sì di 2022 wọ́n ní dókítà kan kò gbọdọ̀ ṣe ju mẹ́ta lọ lóòjọ́, nítorí pé ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ kì í mọ ibi tí ó ń gún. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà fi hàn pé ikú ti dín kù sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 15,000.

Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni wá, iye owó ni a kọ́kọ́ ń bèèrè. Ṣùgbọ́n bí o bá jókòó síwájú dókítà náà, ohun tí wàá kọ́kọ́ bi í ni pé, "Dókítà, níbo ni ẹ máa fi ọ̀rá náà sí, òkè ẹran ni tàbí inú ẹran? Kí ni ẹ fi ń rí ibi tí ọ̀pá yín dé?" Bí ó bá dá ọ lóhùn pé inú ẹran ni ó dára jù nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń tóbi, dìde, kí o sì máa lọ sílé. Bí inú bá bí i pé o béèrè, dìde bákan náà. Lẹ́yìn èyí ni wàá bèèrè ẹni tí yóò fún ọ ní oògùn oorun. Dókítà akunnilóorun tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà ju kí ó máa ṣọ́ èémí rẹ ni kí o fẹ́ gbọ́. Bí wọ́n bá ní ẹni tí ń fa ọ̀rá náà ni yóò máa ṣọ́ ọ, ẹnì kan kò lè ṣe méjèèjì. Bèèrè bóyá ọ́síjìn wà, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà ní ìpamọ́, àti ilé ìwòsàn wo ni wọn yóò gbé ọ lọ bí nǹkan bá yí padà.

Ìwé-àṣẹ dókítà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó tó kà sí. Gbogbo dókítà ní Nàìjíríà ni ó gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ MDCN, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, tí wọ́n ń tún gbà lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìwé-àṣẹ dókítà lásán kò sọ ènìyàn di oníṣẹ́ abẹ ẹwà. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ náà yóò ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ lẹ́yìn tí ó ti di dókítà, yóò sì ti gba oyè láti ọ̀dọ̀ West African College of Surgeons tàbí National Postgraduate Medical College. Ẹgbẹ́ tiwọn ni NAPRAS. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ti ilé ìwòsàn kan pa ní Èkó lẹ́yìn tí ẹnì kan kú nípasẹ̀ irú iṣẹ́ abẹ yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ìdí tí ó rẹwà sì kún ojú ìkànnì wọn. Fọ́tò kì í ṣe ìwé-àṣẹ.

Kí o tó lọ, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀ nítorí fíbúróìdì lè ti ní àìtó ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni fífa ọ̀rá ń mú ẹ̀jẹ̀ dání. Jẹ́ kí wọ́n mọ jẹnotáìpù rẹ. Iṣẹ́ abẹ àti oògùn oorun léwu fún ẹni tí ó jẹ́ SS ju fún ẹlòmíràn lọ. Wọn yóò ní kí o jáwọ́ nínú sìgá ní oṣù kan ó kéré tán, nítorí pé sìgá ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ọ̀rá náà rí mu kù. Wọ́n lè ní kí o dá oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí dúró, àti aspirin, àti ibuprofen. Àgbo tí o ń mu náà, sọ ọ́. Mo ti rí ẹni tí ó bo ti àgbo mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò dá lórí tábìlì.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ó le jù, ibi tí wọ́n ti fa ọ̀rá sì máa ń dunni ju ìdí fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ yóò sun sí abẹ́ awọ, omi pupa yóò máa jò láti ojú ibi tí wọ́n gún, aṣọ ibùsùn yóò sì bàjẹ́. O kò gbọdọ̀ fi ìdí jókòó. Àyà ni wàá fi dùbúlẹ̀ tàbí kí o fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí o bá fẹ́ jẹun, wàá dúró jẹ ẹ́ tàbí kí o kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà, títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tìmùtìmù líle ni wàá máa fi sábẹ́ itan bí o bá fẹ́ jókòó, tí ìdí yóò fi wà lófuurufú. Aṣọ ìfúnra tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní faja, tọ̀sán-tòru ni wàá máa wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, pẹ̀lú iná tí kì í dúró. Nínú gbogbo rẹ̀, o gbọ́dọ̀ máa dìde rìn láti ọjọ́ kìíní, nítorí pé ẹni tí ó dùbúlẹ̀ gbọnrangandan ni ẹ̀jẹ̀ ń dì sí ní ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn ọ́, bí èémí rẹ bá ń já, bí ibà bá mú ọ, bí awọ ibì kan bá ń dúdú sí i tàbí tí omi ibẹ̀ ń rùn, má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Nítorí èyí, má ṣe gbèrò pé wàá wọ ọkọ̀ láti Èkó padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kejì. Ìrìn-àjò náà kò gùn bí ọ̀nà bá já geere, ṣùgbọ́n o mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ó ń wà ní ojú títì márosẹ̀ náà, kò sì sí bí o ṣe máa jókòó nínú ọkọ̀ akérò. Wá ibi tí o máa gbé nítòsí dókítà fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹnì kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ tí yóò máa gbé omi fún ọ. Fi owó ilé yẹn, owó faja méjì, owó àyẹ̀wò, owó oògùn àti ti ọ̀sẹ̀ tí ìsọ̀ rẹ yóò fi wà ní títì kún iye tí wọ́n pè fún ọ. Ìgbà náà ni wàá tó mọ̀ bóyá àjọ náà ti pé lóòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ mi obìnrin jẹ́wọ́ fún mi pé obìnrin kan ń wá láti Èkó, ó ń gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ sí ìdí. Ó ní fítámì ni, pé kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, pé ọjọ́ náà ni wọ́n ń padà sílé. Ó ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí ìdí rẹ̀ le bí òkúta ní apá kan, ó sì ti dúdú. (Ìyá kan, Ìpẹru)

Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Kò sí fítámì kankan tí ń sọ ìdí di ńlá. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gún sínú ènìyàn báyìí ni sílíkóònù olómi, nígbà mìíràn èyí tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ilé àti ẹ̀rọ. FDA, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kò fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kankan rí fún fífẹ ìdí, ní ọdún 2017 ni wọ́n sì kìlọ̀ gbangba nípa ti sílíkóònù yìí. Ó lè ṣàn láti ìdí bọ́ sí itan, kí ó sì dì gbagidi níbẹ̀. Ó lè sọ awọ di egbò. Ó sì lè dákẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìjàngbọ̀n. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ó bá bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ ni yóò gbà lọ, ẹni náà sì lè kú nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì náà.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ìpẹru kò jìnnà sí Ṣàgámù tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí Ìlíṣàn tí ti Babcock wà. Kí ọmọ náà sọ òótọ́ fún dókítà, iye ìgbà tí ó gbà á àti ìgbà tí ó gbà á, bí ìgò rẹ̀ bá sì wà, kí ó mú un dání. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV àti fún àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis, nítorí pé a kò mọ ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ náà gún ṣáájú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ibẹ̀, kí ó sín in ní gbẹ́rẹ́, tàbí kí ó sọ pé òun yóò fà á jáde ní kíá. Sílíkóònù máa ń wọnú ẹran bí ìgbà tí epo bá wọ aṣọ. Oníṣẹ́ abẹ tí ó mọṣẹ́ pàápàá kì í sábà lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ohun tí ó ń ṣe wàhálà ni yóò yọ.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ẹ jẹ́ kí ìbínú náà dúró di ìgbà tí dókítà bá ti rí i. Ọmọ tí a bá lé jáde nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ obìnrin abẹ́rẹ́ yẹn náà ni yóò padà sí fún àtúnṣe.

Ìyàwó mi ṣe iṣẹ́ abẹ ìdí kí a tó fẹ́ ara wa, oṣù tó kọjá sì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Ó ti lóyún báyìí. Ṣé ó lè bímọ fúnra rẹ̀? Ṣé kò ní pa ọmọ lára? (Bàbá ìkókó tí ń bọ̀, Ṣàgámù)

Ẹ kú oríire. Ìdí tí a fi ọ̀rá ṣe kò dí ọ̀nà ọmọ, kò sì sí nínú wàrà tí ọmọ yóò mu. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni, bí oyún bá mú un sanra, ìdí náà yóò bá a sanra, bí ó bá fọn lẹ́yìn ìbímọ, yóò bá a fọn. Ẹ bi í bóyá ọ̀rá ni wọ́n lò tàbí rọ́bà sílíkóònù tí wọ́n ń tì bọ inú ìdí, nítorí ohun kan: abẹ́rẹ́. Àwa nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí, ìdí ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń lọ. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà ni ó wà níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gún un láé, itan tàbí apá ni kí wọ́n máa lò. Kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì aláboyún ní ọjọ́ tí ó bá lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú káàdì rẹ̀. Ní ti pé kò tètè sọ fún yín, èmi kọ́ ni ẹ máa bá yanjú ìyẹn.

Màmá, ọmọ ọdún ogún ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí mi sì pẹlẹbẹ. Mo ti fi ìpara kan pa á fún oṣù mẹ́ta, mo sì ń lo oògùn oníhóró tí wọ́n ń tà fún wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ojú mi ti kún ṣùgbọ́n ìdí kò kún. Dókítà kan ní mi ò ní ọ̀rá tí wọ́n lè fà, pé kí n lọ sanra wá tàbí kí n fi rọ́bà sí i. (Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè)

Ìpara kò lè ṣe é. Kò sí ohun tí a fi pa awọ tí yóò wọ inú lọ fi ọ̀rá sí ìdí tí yóò sì fi ti apá sílẹ̀.

Oògùn tí o ń lò ni ó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà rẹ. Irú èyí tí wọ́n ń dì sínú náílọ́ọ̀nù láìsí orúkọ sábà máa ń jẹ́ cyproheptadine, oògùn ara yínyún tí ń mú oúnjẹ wu ènìyàn jẹ tí ó sì ń kunni lóorun, tí wọ́n á pò mọ́ dexamethasone. Ìkejì yìí, sítẹ́rọ́ìdì ni. Òun ni ó ń mú ojú kún roboto bí o ṣe kọ ọ́, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń sọ egungun di aláìlágbára, ó sì ń jẹ́ kí àrùn tètè ráyè wọ ara. Má sì ṣe já a sílẹ̀ lójijì bí o bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí pé ara lè ti gbàgbé bí ó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Kó oògùn náà lọ bá dókítà, kí ó dín in kù fún ọ díẹ̀díẹ̀.

Lóòótọ́ ni àwọn dókítà kan ń ní kí ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ sanra wá. Bí o bá fi ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ òru sanra, tí o sì padà sí bí o ṣe rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀rá tí wọ́n fi sí ìdí yóò bá ọ padà pẹ̀lú. Ní ti rọ́bà sílíkóònù, àárín ìdí ni wọ́n ti ń la á, nítòsí ihò ìdí tí kòkòrò pọ̀ sí. Ojú ọgbẹ́ ibẹ̀ máa ń ṣí, kòkòrò máa ń wọ̀ ọ́, rọ́bà náà sì lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n á fi ní láti tún yọ ọ́. Bí o bá jẹ́ ẹni tí àpá rẹ máa ń wú sókè, ti tìrẹ yóò tún burú sí i. Èmi kò ní gbà ọ́ níyànjú láti ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì ní ọmọ ogún ọdún. Ẹran ìdí ń gba kíkọ́: gbé ohun tí ó wúwo lé èjìká kí o máa lóṣòó kí o sì máa dìde, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí o sì máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Oṣù mélòó kan ni yóò gbà, ṣùgbọ́n tìrẹ ni èyí tí o bá rí níbẹ̀.

Oṣù kẹta rèé tí mo ti ṣe BBL. Ó ti dín kù, kò tóbi mọ́ bí ó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀, apá òsì kéré sí apá ọ̀tún díẹ̀, kókó líle kan sì wà ní apá ọ̀tún. Màmá mi ń fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún mi láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì ń fi àdí ra á. Dókítà mi kì í gbé fóònù mọ́. (Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹ bẹ Màmá kí wọ́n dá omi gbígbóná náà dúró láti òní. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ yín nígbà tí ẹ bímọ, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, awọ ibi tí wọ́n fa ọ̀rá àti ibi tí wọ́n fi í sí máa ń kú tipiri fún oṣù púpọ̀, kì í mọ ooru. Omi tí ọwọ́ Màmá gbà lè bó yín lára kí ẹ tó mọ̀. Títẹ̀ líle náà kò sì dára fún ọ̀rá tí kò tíì fìdí múlẹ̀.

Ti pé ó dín kù, bí ó ṣe ń rí nìyẹn. Ti pé òsì kéré sí ọ̀tún díẹ̀, ìdí tí Ọlọ́run dá pàápàá kì í sábà dọ́gba. Kókó líle náà lè jẹ́ ọ̀rá tí ó kú tí ara kò tíì gbé mì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń rọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń di àpò epo kékeré tí dókítà lè fi abẹ́rẹ́ fà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ skáànù wò ó, kí ó má jẹ́ pé omi tàbí ọyún ni ó dì síbẹ̀, ní pàtàkì bí ó bá ń gbóná, tí ó ń pupa, tàbí tí ibà ń mú yín. Ẹ kò nílò dókítà tí ó gé e kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò. Dókítà oníṣẹ́ abẹ èyíkéyìí ní ilé ìwòsàn ńlá lè ṣe é. Kí ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tí ẹ ti ṣe é, kí ẹ bèèrè ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà, nínú èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ iye ọ̀rá tí wọ́n fi sí apá kọ̀ọ̀kan àti ibi tí wọ́n fi í sí. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá fi kún un nísinsìnyí, ẹ má gbà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, ẹ tún ya òmíràn ní oṣù kẹfà, ní ojú kan náà, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí ẹ sì kó méjèèjì lọ bá dókítà tí ẹ bá yàn.